Fáànù Tó Ń Bá Ẹ́ńjìnì Yí àti Fáànù Oníná: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Rẹ̀

Bó bá jẹ́ inú ọkọ̀ lẹ ti ń gbọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọjú wo géèjì ooru tó wà níwájú yín. Ibo ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà? Bó bá wà láàárín, ẹ fara balẹ̀, ẹ máa gbọ́ wa lọ. Àmọ́ bó bá ti ń gòkè lọ síbi tó pupa, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ná, ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ tó máa bá wa lọ, torí ọ̀rọ̀ yín gan-an la fẹ́ sọ lónìí.

Fáànù tó ń fa atẹ́gùn gba inú rédíétọ̀ kọjá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti pẹ́ láyé, Peugeot 504, Mercedes àtijọ́, Hiace àtijọ́, àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, bẹ́líìtì ló ń yí fáànù wọn. Bí ẹ́ńjìnì bá yí, fáànù á yí. Bí ẹ́ńjìnì bá dúró, fáànù á dúró. Ní ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, mọ́tò kékeré kan tó ń lo iná bátìrì ló ń yí i. Ìbéèrè tí àwọn awakọ̀ ń bi wá ni pé: ṣé kí àwọn yọ fáànù àtijọ́ yẹn, kí àwọn fi oníná sí i? Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi á ní, ó kù síbi tí ẹ bá gbé e gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí fáànù ń ṣe. Epo tó ń jó nínú ẹ́ńjìnì ń mú ooru wá. Apá kan ooru yẹn ló ń di agbára tó ń gbé ọkọ̀ lọ, apá kan ń bá èéfín jáde, apá tó kù sì wà lọ́rùn omi. Omi á gbé e lọ sí rédíétọ̀, atẹ́gùn á sì gbà á lọ́wọ́ omi. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré lójú títì, ká ní ó ti kọjá 70 kìlómítà ní wákàtí kan, atẹ́gùn tó ń kọlu iwájú ọkọ̀ ti tó fún rédíétọ̀. Fáànù ò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ nígbà yẹn. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró, tàbí tó ń rìn bí ìgbín, ni fáànù níṣẹ́.

Ẹ wá wo àléébù tó wà lára fáànù tó ń bá ẹ́ńjìnì yí. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró nínú gosiló, ẹ́ńjìnì lè máa yí ní bí ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan. Lójú títì, ó lè yí tó ìgbà 3000 tàbí 4000. Ìyẹn ni pé ìgbà tí a nílò fáànù jù ló ń yí díẹ̀díẹ̀, ìgbà tí a ò sì nílò rẹ̀ ló ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ìsáré yẹn kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Òfin kan wà nípa fáànù: bí ẹ bá sọ ìsáré rẹ̀ di ìlọ́po méjì, agbára tó máa gbà á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ta ló ń san owó agbára yẹn? Epo inú táńkì yín ni.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ti mọ èyí tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá ọgbọ́n sí i. Ọgbọ́n kan ni kílọ́ọ̀ṣì tó ní òróró silicone nínú. Irin kékeré kan tó wé bí sípíríìnì wà níwájú rẹ̀. Bí atẹ́gùn tó ń ti rédíétọ̀ bọ̀ bá gbóná, irin náà á yí díẹ̀, á ṣí ọ̀nà fún òróró, òróró á sì mú fáànù kó bá ẹ́ńjìnì yí dáadáa. Bí atẹ́gùn bá tutù, á tú u sílẹ̀ kó máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọgbọ́n ti Peugeot tún yàtọ̀. Nínú 504, ọkọ̀ tó jáde ní 1968, tí ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò níbí láti 1975, fáànù náà ní mágíńẹ́ẹ̀tì tó ń lo iná lára. Súwíìṣì kan wà lára rédíétọ̀. Bí omi bá gbóná tó, súwíìṣì yẹn á fi iná ránṣẹ́, mágíńẹ́ẹ̀tì á gbá fáànù mú, fáànù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá bẹ́líìtì yí. Bí omi bá tutù, á tú u sílẹ̀. Ẹ rí i pé àwọn bàbá wa tó gun 504 ti ń lo fáànù tó mọ ìgbà tí iṣẹ́ dé, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń sọ fún wọn pé ọkọ̀ wọn ti di ti àtijọ́.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i? Káábọ̀ọ̀nù tó ń gbé iná lọ sára mágíńẹ́ẹ̀tì á jẹ tán, súwíìṣì á bàjẹ́, a ò sì ní rí òjúlówó rà. Ni wọ́n bá fi bóòtù de fáànù náà mọ́ ibi tó jókòó sí, kó máa yí láìdúró. Ó gbà, ọkọ̀ ń lọ. Àmọ́ ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe é ti lọ, ariwo àti ìnáwó epo ló kù.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní irú ọkọ̀ yẹn. Bàbá Ìsẹ́yìn là ń pè wọ́n. 504 onígbá-ẹ̀yìn gígùn ni, wọ́n sì fi ń kó iṣu àti ata láti Ìsẹ́yìn wá sí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn. Ìyàwó méjì àti àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé ló gbójú lé ọkọ̀ yẹn. Láàárín ọdún kan, wọ́n ti pààrọ̀ top gasket lẹ́ẹ̀mejì. Bó ṣe máa ń rí nìyí: wọ́n á ti Ìsẹ́yìn bọ̀ láàárọ̀, ọkọ̀ á máa sáré, géèjì á dúró jẹ́ẹ́. Tí wọ́n bá dé Mọ́níyà, tí wọ́n sì wọ gosiló Ọ̀jọ́ọ̀, abẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ata ò ní sùúrù, ẹ̀yin náà mọ̀. Bí wọ́n bá dúró kí ẹ́ńjìnì tutù, oníbàárà á ti ra ti ẹlòmíì. Bí wọ́n bá sì fagídí wà á lọ, ẹ́ńjìnì á san án.

Mẹkáníìkì tó ń bá wọn tún un ṣe ní ọ̀rọ̀ ò le: “Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi fáànù oníná sí i, ká ṣe é ní dáyírẹ́ẹ̀tì.” Ẹ̀yin tó ń wakọ̀ mọ dáyírẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á fa wáyà láti ibi tí iná ti ń wá tí ẹ bá ti ṣí ọkọ̀, wọ́n á gbé e fún fáànù tààrà, kò sí rìléè, kò sí fíùsì, kò sí súwíìṣì ooru. Bí ọkọ̀ bá ti ṣí, fáànù ti ń yí, títí tí ẹ ó fi pa á. Bàbá Ìsẹ́yìn pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, “Ìwọ tó ń fi fóònù gbéra ẹ sáfẹ́fẹ́ yìí, bá mi bi àwọn tó mọ̀ ọ́n, ṣé wọn ò ní jó ọkọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́?” Mo bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo gbọ́ àti ohun tí mo fojú ara mi rí nígbà tí a ṣe iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ tò fún yín báyìí.

Àkọ́kọ́: ẹ rí i dájú pé fáànù ló fa ọ̀rọ̀. Àmì kan wà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ parọ́. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná nígbà tó dúró tàbí tó ń rìn díẹ̀díẹ̀, tó sì ń tutù padà tí ẹ bá ti sáré, atẹ́gùn ló kù díẹ̀, fáànù ló yẹ kí ẹ wò. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ìgbà tó ń sáré tàbí tó ń gun òkè ló ń gbóná, fáànù oníná ò ní ràn yín lọ́wọ́. Ẹ lọ wo rédíétọ̀ bóyá ìpẹtà ti dí i. Ẹ wo ìdérí rẹ̀. Ìdérí tó dára ń jẹ́ kí omi wà lábẹ́ ìfúnpá, kó lè kọjá ìwọ̀n 100 ti Celsius kó má tíì hó. Ìdérí tó ti rọ̀ á jẹ́ kó tètè hó. Ẹ wo bẹ́líìtì bóyá ó ti dẹ̀, ẹ wo wọ́tà pọ́ǹpù, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá top gasket ti jó. Ẹni tí orí ń fọ́ kì í lọ ra oògùn ẹsẹ̀.

Ti Bàbá Ìsẹ́yìn, ohun méjì ló pa pọ̀. Fáànù wọn ò fẹ́ atẹ́gùn tó nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ike tó yẹ kó yí fáànù ká kí atẹ́gùn má baà sá gba ẹ̀gbẹ́ sì ti fọ́ dànù láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Rédíétọ̀ náà ti dí díẹ̀. Wọ́n gbé e lọ fọ inú rẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan wáyà.

Èkejì: ẹ ṣírò iná. Fáànù oníná tó tó rédíétọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gba 20 sí 25 ampere nígbà tó bá ń yí. Lọ́gán tó bá ń gbéra, ó lè gbà tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta iye yẹn fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wá fi iná iwájú kún un: gílóòbù méjì oní-55 wáàtì ń gba bí i 8 ampere. Ẹ fi wáípà kún un lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, ẹ fi iná ẹ̀yìn, iná tó ń dá iná sí pílọ́ọ̀gì, àti rédíò kún un. Ó ti ń lọ sí 40 ampere tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀. Alternator ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ò ju 50 lọ púpọ̀, kì í sì í mú gbogbo rẹ̀ wá nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí díẹ̀díẹ̀ nínú gosiló. Bí ohun tó ń jáde bá ju ohun tó ń wọlé lọ, bátìrì ló máa gbèsè náà, ọkọ̀ á sì kú mọ́ yín lọ́wọ́ lálẹ́. Nítorí náà, ó lè gba pé kí ẹ pààrọ̀ alternator kí ẹ tó fi fáànù sí i. Ẹ fi owó rẹ̀ sínú ìṣirò yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ẹ jẹ́ kí oníwáyà ọkọ̀ tó mọṣẹ́ ṣe é, kí ẹ sì dúró tì í. Ohun mẹ́rin lẹ fẹ́ rí. Ẹ fẹ́ rí fíùsì tó sún mọ́ bátìrì, kí wáyà tó rìn jìnnà. Ẹ fẹ́ rí rìléè. Ẹ fẹ́ rí súwíìṣì ooru. Ẹ sì fẹ́ rí wáyà bàbà tó nípọn, kì í ṣe wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi ń so rédíò. Wáyà kan wà lọ́jà tó jẹ́ pé wọ́n kàn fi bàbà bò ó lára ni, aluminium ló wà nínú. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á wò. Bí inú rẹ̀ bá funfun, kò ní gbé iná tó bàbà.

Kí ni rìléè wà fún? Ẹ fojú inú wo ọba tó ní ìránṣẹ́. Súwíìṣì ooru kékeré ò lágbára láti gbé 25 ampere; bí ẹ bá gbé e lé e lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ á jó. Nítorí náà, súwíìṣì á fi iná kékeré rán rìléè níṣẹ́, rìléè ló máa wá ṣílẹ̀kùn fún iná ńlá. Lára rìléè, ẹ máa rí nọ́ńbà. 30 ni iná ti ń wọlé láti bátìrì, lẹ́yìn tó bá ti gba fíùsì kọjá. 87 ni iná ti ń jáde lọ sí fáànù. 85 àti 86 ni ti iná kékeré: ọ̀kan á gba iná tó ń wá tí ẹ bá ṣí ọkọ̀, èkejì á gba inú súwíìṣì ooru lọ sára irin ọkọ̀. Ẹ ò nílò láti lọ kọ́ṣẹ́ wáyà kí ẹ tó mọ èyí. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó máa fi dáyírẹ́ẹ̀tì rẹ́ yín jẹ.

Súwíìṣì ooru tó wọ́pọ̀ á tan fáànù tí omi bá dé bí ìwọ̀n 92 tàbí 95, á sì pa á tó bá já wá sí bí 87 tàbí 90. Kó lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, thermostat gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ́ńjìnì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa máa ń yọ thermostat jù nù, wọ́n á ní Nàìjíríà gbóná, a ò nílò rẹ̀. Ẹ́ńjìnì ò fẹ́ tutù jù o. Bó bá tutù jù, á máa jẹ epo, òróró inú rẹ̀ ò sì ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Àǹfààní kan tún wà fún àwọn tó ní 504: ihò súwíìṣì ti wà lára rédíétọ̀ wọn láti ilé iṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni a fi tuntun sí fún Bàbá Ìsẹ́yìn.

Ẹ̀kẹrin: bí ẹ ṣe máa gbé e sí. Ẹ̀yìn rédíétọ̀, lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnì, ló dára jù, kí fáànù máa fa atẹ́gùn. Èyí tó wà níwájú, tó ń ti atẹ́gùn, máa ń dínà atẹ́gùn títì. Ẹ wá fáànù tó ní ike yíyíká tirẹ̀, tó sì bo rédíétọ̀ dáadáa. Ẹ lè rí tòkunbọ̀ tó dára ní Ládípọ̀ ní Èkó tàbí ní Ararọ̀mí ní Agodi Gate ní Ìbàdàn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n fi bátìrì dán an wò lójú yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi okùn ike gún àárín rédíétọ̀ láti fi so ó; gbígbọ̀n ló máa fi ha á títí omi á fi máa jò. Irin ni kí wọ́n fi ṣe férémù rẹ̀. Tó bá ti yí, ẹ mú bébà kan, ẹ gbé e síwájú rédíétọ̀. Bí fáànù bá fa bébà mọ́ra, ó dára. Bó bá ń tì í dànù, wọ́n ti gbé wáyà rẹ̀ kọjú síra.

Ọ̀rọ̀ pàtàkì kan rèé: fáànù lẹ ń yọ, kì í ṣe bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì náà ló ń yí wọ́tà pọ́ǹpù. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kí ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín, ẹ máa lọ.

Ẹ̀karùn-ún: àwọn tí kò yẹ kó ṣe é. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá lẹ ń wà, tí ẹ ń kó ẹrù wúwo gun òkè, ẹ fi fáànù ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Fáànù ọkọ̀ akẹ́rù ńlá lè gba agbára ẹṣin 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fáànù tí a ń sọ yìí, tó ń gba 25 ampere, kò tó ìdajì agbára ẹṣin kan. Ẹ fi wéra. Bákan náà, bí kílọ́ọ̀ṣì fáànù yín bá ṣì ń ṣiṣẹ́, tí ọkọ̀ ò sì gbóná, kí lẹ fẹ́ tún ṣe? Ohun tí kò bàjẹ́ kò béèrè àtúnṣe. Fáànù oníbẹ́líìtì ní ìwà rere kan: kò mọ fíùsì, kò mọ rìléè, kì í sì í dédé kú láìsọ tẹ́lẹ̀. Ti oníná, fíùsì kékeré kan lè jó, kí ẹ má sì mọ̀ títí abẹ́rẹ́ á fi dé ibi pupa. Nítorí náà, ẹ fi fíùsì àti rìléè kan pamọ́ sínú ọkọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n so gílóòbù kékeré kan mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tí yóò máa tàn nígbà tí fáànù bá ń gba iná.

Ọ̀rọ̀ ààbò kan. Bí ẹ́ńjìnì bá gbóná, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀. Omi tó wà nínú rẹ̀ lè ti kọjá ìwọ̀n 100, ìdérí ló ń dì í mú. Bí ẹ bá ṣí i, á fò sí yín lójú. Àti pé bí wọ́n bá so fáànù mọ́ bátìrì lọ́nà tí kò fi dúró de kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó lè dédé yí nígbà tí ẹ ti pa ọkọ̀. Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ máa fẹ́ mọ bí ti Bàbá Ìsẹ́yìn ṣe rí. Ọjọ́ Sátidé kan la ṣe é. Ó gba àárọ̀ di ọ̀sán, alternator tó lágbára jù ti tẹ́lẹ̀ sì wà nínú owó tí wọ́n ná. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n kó ata. Nígbà tí wọ́n wọ gosiló Ọ̀jọ́ọ̀, wọ́n ní abẹ́rẹ́ gòkè díẹ̀, àwọn gbọ́ “hùùù” níwájú ọkọ̀, abẹ́rẹ́ sì padà wálẹ̀. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dé Bódìjà. Wọ́n ta ata náà láàárọ̀, nígbà tó ṣì le. Owó tí wọ́n ná ò tíì padà o, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ owó top gasket kẹta ni wọ́n ń sá fún, gbogbo wa la sì mọ̀ pé orí ẹ́ńjìnì ò ní gba pé kí wọ́n máa ṣí i lọ́dọọdún.

Fáànù àtijọ́ ńkọ́? Mo ní kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin. Wọ́n kọ̀. Wọ́n fi àpò ìrẹsì wé e, wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú bóòtù rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ní, “Bí ti iná yín bá já mi kulẹ̀ ní Adó Àwáyè lóru, ṣé ìwọ lo máa wá fẹ́ ẹ fún mi?” Mi ò lésì. Ẹni tó ń jẹun látara ọkọ̀ mọ ohun tí ọkọ̀ lè ṣe fún un.

Ibi tí a máa dánu dúró sí nìyẹn lónìí. Bí ẹ bá ní ìbéèrè nípa ọkọ̀ yín, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sì sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́ àti ìgbà tó máa ń gbóná, bóyá nígbà tó dúró ni o, tàbí nígbà tó ń sáré. Ẹ ti mọ ìdí tí mo fi ń béèrè báyìí. Ẹ bá wa fi ètò yìí ránṣẹ́ sí awakọ̀ kan tí ẹ fẹ́ràn. Ọ̀nà á là, ọkọ̀ ò ní gbóná. Ó dìgbà kan ná.